Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Odán Àgbà Tí Orí Rẹ̀ Ń Gbẹ

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú jáde nínú àwọn tí ẹ kọ sí wa lórí igi ìbòji tí ó ti dàgbà. Èyí àkọ́kọ́ ni mo fi àyè tí ó pọ̀ jù dá lóhùn, nítorí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ojúde ilé bàbá tí ó kọ ọ́ ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ ní ọ̀pọ̀ agbo ilé wa.

ÌBÉÈRÈ: Odán kan wà ní ojúde ilé wa ní Ìṣẹ́yìn. Bàbá bàbá mi ni ó gbìn ín, abẹ́ rẹ̀ ni a sì ti ń ṣe ìpàdé ẹbí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tí a fẹ́ sìnkú ìyá wa, a da kọnkéré sí gbogbo ojúde náà kí àwọn àlejò má baà rìn nínú ẹrẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún méjì ni orí igi náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láti òkè wá sílẹ̀. Nínú òjò tí ó kọjá, ẹ̀ka kan tí ó nípọn tó itan ènìyàn já, ó sì fọ́ páànù ìyá tí ń ta àmàlà lábẹ́ igi náà. Ọlọ́run ni ó yọ ìyá náà. Àwọn kan nínú ẹbí ní kí a gé igi yìí lulẹ̀, àwọn mìíràn ní kí a gé gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ kúrò kí ó lè rú ewé tuntun. Mo ti pé ọdún 71, n kò sì fẹ́ kí igi yìí kú lójú mi. Kí ni kí a ṣe?

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú àníyàn igi yìí. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, nítorí pé ohun tí ó ń ṣe igi náà ti wà nínú lẹ́tà yín: kọnkéré tí ẹ dà ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni. Orí ni ó ń gbẹ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni àìsàn ti mú un. Gbòǹgbò tí igi fi ń mu omi kì í wọlẹ̀ jìnnà bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í jìn ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ, fífẹ̀ ni ó máa ń fẹ̀, tí yóò sì tàn kọjá ibi tí òjìji igi náà mọ. Nígbà tí a bá fi kọnkéré bo ilẹ̀ yẹn, òjò kò ní ráyè wọlé, atẹ́gùn kò sì ní kọjá mọ́, àwọn gbòǹgbò wẹ́wẹ́ yóò sì máa kú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Igi àgbà kì í tètè fi irú ìyà bẹ́ẹ̀ hàn. Ohun tí ó ti kó pamọ́ sára ni yóò máa jẹ fún ọdún kan tàbí méjì, títí omi kò fi ní tó gbé dé òkè mọ́, ibi tí ó sì jìnnà jù sí gbòǹgbò ni yóò kọ́kọ́ jọ̀wọ́ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé láti ṣóńṣó ni odán yín ti ń gbẹ bọ̀.

Ẹ̀ka gbígbẹ gbọ́dọ̀ kúrò, nítorí pé ènìyàn ń jókòó lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gé ẹ̀ka tí ẹ kò sì tú kọnkéré, ọdún tí ń bọ̀ ni ẹ óò tún pe àwọn agégi padà.

Kí n tó sọ bí a ṣe ń gé e, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbà fún àwọn tí ó ní kí ẹ gé gbogbo ẹ̀ka rẹ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n rí tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀: odán tí ó ṣì wà ní ọ̀dọ́, bí a bá gé e kodoro lónìí, kì í pẹ́ tí yóò fi rú. Agbára tí ó wà lára ọ̀dọ́ ni ó fi ń rú. Ewé ni ó ń se oúnjẹ fún igi, igi tí ó sì ti pàdánù ìdajì ewé rẹ̀ sọ́wọ́ àìsàn kò ní ohun mìíràn tí yóò fi wo ara rẹ̀ ju ìdajì tí ó kù lọ. Bí a bá tún gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, a ti da ìkòkò ọbẹ̀ aláìsàn nù nìyẹn. Bí ó bá tilẹ̀ rú, àwọn ọ̀mùnú tí ó hù láti ojú ibi tí a gé kò fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú igi bí ẹ̀ka tòótọ́ ti ń ṣe. Etí èèpo ni wọ́n dì mọ́, bí wọ́n bá sì tóbi tán, ẹ̀fúùfù kan lè ya wọ́n. Nítorí náà, ẹ̀ka tí ó ti kú nìkan ni kí ẹ fọwọ́ kàn. Èyí tí ó bá ṣì ní ewé, bí ewé náà kò tilẹ̀ ju díẹ̀ lọ, ẹ fi í sílẹ̀.

Báwo ni ẹ óò ṣe mọ èyí tí ó kú? Àwọn àgbà ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Òkèèrè ni kí ẹ ti wo odán yìí pẹ̀lú. Ẹ dúró ní òdì-kejì títì ní oṣù Ọ̀wàrà, nígbà tí òjò ti rọ̀ dáadáa tí ewé sì kún, kí ẹ wo ẹ̀ka tí ó wà ní ìhòòhò láàárín àwọn tí ó wọṣọ. Bí ẹ bá dúró di àárín ọ̀gbẹlẹ̀, odán lè ti wọ́ ewé díẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ ó sì fẹ́ gé alààyè mọ́ òkú. Kí ẹni tí ó gun igi náà wá fi ojú ọ̀bẹ ha èèpo ẹ̀ka tí ẹ bá fura sí. Bí abẹ́ èèpo bá tutù, tí ó ní àwọ̀ ewé, tí oje funfun sì sẹ̀ jáde, ẹ̀ka náà wà láàyè. Bí ó bá gbẹ, tí ó dúdú bí ilẹ̀, tí èèpo sì ń ṣí kúrò fúnra rẹ̀, ó ti kú. Ẹ fi ẹfun sàmì sí i, kí ẹ sì padà wá gé e ní oṣù Ṣẹrẹ tàbí Èrèlè, kí àkọ́rọ̀ òjò àti ìjì rẹ̀ tó dé.

Ibi tí a ó gé gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ fi ojú ara yín rí kí ẹnikẹ́ni tó gbé ayùn. Ẹ wo ìdí ẹ̀ka gbígbẹ náà, níbi tí ó ti yọ lára ìyá igi. Ẹ óò rí i pé èèpo tí ó wà láàyè wú yí i ká, bí ọrùn ẹ̀wù ti ń yí ọrùn ènìyàn ká. Bí ẹ̀ka náà bá ti kú tipẹ́, ìwú yìí yóò ti gùn jáde tó ìka méjì tàbí mẹ́ta sórí igi gbígbẹ, ojú yóò sì rí ààlà wọn kedere: ìhín ń dán, ó sì kún, ọ̀hún ti ṣá, ó sì ń sán. Ara ìyá igi ni ìwú yẹn, kì í ṣe ara ẹ̀ka. Ìta rẹ̀ gẹ́ẹ́ ni kí ayùn gbà kọjá, láì fara kan án. Ẹni tí ó bá gé e mọ́lẹ̀ pẹlẹbẹ kí ó lè jọ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ti gé ẹran ara tí ó wà láàyè. Ẹni tí ó bá sì fi kùkùté gígùn sílẹ̀ ti fi oúnjẹ sílẹ̀ fún ikán, nítorí pé èèpo kò ní lè bò ó mọ́lẹ̀ láéláé.

Ará Amẹ́ríkà kan, Alex Shigo, ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé ayé dáadáa. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959 lọ́dọ̀ àwọn tí ń bójú tó igbó fún ìjọba ilẹ̀ wọn, ó sì fi ayùn ẹlẹ́ńjìnnì la ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi ní òòró láti wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá gbọgbẹ́. Ó rí i pé ọgbẹ́ igi kì í jinná bí ọgbẹ́ tiwa. Ibi tí ó bá ti rà kò ní di igi tuntun mọ́. Ńṣe ni igi máa ń mọ odi yí i ká, tí yóò sì máa dàgbà lọ ní ìta odi náà. Nínú ìwú tí mo sọ yìí ni igi máa ń mọ odi tí ó le jù sí, kí ìrà tí ó wà nínú ẹ̀ka má baà wọ inú ìyá rẹ̀. Ẹni tí ó gé ìwú náà ni ó wó odi.

Fún ẹ̀ka ńlá, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti òkè. Èmi náà ṣe é bẹ́ẹ̀ rí ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, lórí ẹ̀ka kan tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù. Ayùn kò tíì dé ìdajì tí ẹ̀ka náà fi wọlẹ̀ tìwúwotìwúwo, tí ó sì bó èèpo ara igi lọ́wọ́ kan, láti apá dé ibi tí ó ga tó orí mi, bí ìgbà tí a bá bó awọ ewúrẹ́. Oje funfun ń ṣàn lójú ibẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ojú ọgbẹ́ yẹn ni ikán gbà wọlé lẹ́yìn náà, mo sì ń rántí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbé ayùn. Bí ó ti yẹ kí a ṣe é ni pé, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí ìdí ẹ̀ka, kí a kọ́kọ́ gé e láti abẹ́, kí ayùn wọlé tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Kí a sún síwájú díẹ̀ sí ọ̀nà orí ẹ̀ka, kí a gé e láti òkè títí yóò fi já. Ìwúwo ti lọ nígbà náà, kùkùté kékeré nìkan ni yóò kù lọ́wọ́ wa, a ó sì fi sùúrù gé ìyẹn ní ìta ìwú.

Ẹni tí yóò gun igi náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹnikẹ́ni tí ó kàn ní àdá. Igbà tí àwọn adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ kò wúlò lórí igi ẹlẹ́ka, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ so okùn ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka gbígbẹ tàbí kí ó tẹ̀ ẹ́, nítorí pé igi tútù máa ń tẹ̀ kí ó tó ṣẹ́, gbígbẹ kì í kìlọ̀. Kí a fi okùn sọ ẹ̀ka ńlá kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí ìyá alámàlà má ta ọjà lábẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ náà, kí àwọn ọmọdé sì jìnnà. Bí wáyà iná mànàmáná bá kọjá nítòsí, kí àwọn oníná wá pa iná kí ẹnikẹ́ni tó gòkè.

Lẹ́yìn tí ẹ bá gé e, ẹ fi ojú ibẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn yóò sọ fún yín pé kí ẹ kun ún ní ọ̀dà tàbí kí ẹ fi ọ́ìlì mọ́tò tí a ti lò pa á. Kò sí èyí tí ó ń dá ìrà dúró nínú wọn, ọ̀dà a sì máa sé omi mọ́ inú. Bí ihò bá wà, ẹ má rọ sìmẹ́ǹtì sí i, ẹ má sì ha inú rẹ̀ títí ẹ ó fi kan igi tútù. Mo tún ti rí ibi tí wọ́n ti dáná sínú ihò igi kí wọ́n lè rí oyin kó. Inú odi tí igi fi gbogbo ọdún wọ̀nyẹn mọ ni wọ́n dáná sí, ó sì dùn mí.

Ó wá ku ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ tú kọnkéré náà kúrò yí igi ká, ó kéré tán ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá láti ìdí igi sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá lè tú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó dára jù. Òòlù àti ọwọ́ ni kí ẹ fi ṣe é, kì í ṣe katakata, nítorí pé gbòǹgbò wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an. Ẹ da ewé gbígbẹ sórí ilẹ̀ náà kí ó nípọn tó ìka mẹ́rin, ṣùgbọ́n kí ó má kan ara igi. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa bomi rin ín díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí omi lè rì wọlẹ̀ dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sun ìdọ̀tí ní ìdí rẹ̀. Ọdún méjì sí mẹ́ta ni ẹ óò fi mọ̀ bóyá ó gbà. Orí tí ó ti gbẹ kò ní padà, igi náà yóò kúrú ju bí ẹ ti mọ̀ ọ́n lọ, ṣùgbọ́n bí ewé ìsàlẹ̀ bá ń tóbi sí i, tí ó sì ń dúdú mìnìjọ̀, ó ti ń gbádùn.

Ohun kan wà tí ó lè yí ìmọ̀ràn mi padà. Bí olú bá ń hù ní ìdí igi náà, tí ilẹ̀ ń sán tàbí tí ó ń ga sókè ní ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tí igi bẹ̀rẹ̀ sí í fì sí ibi tí kì í fì sí tẹ́lẹ̀, ẹ kó ènìyàn kúrò lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì pe onímọ̀. Àwọn onímọ̀ nípa igi wà ní FRIN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí igbó, ní Jẹ́ríkò ní Ìbàdàn. Láti 1954 ni wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí.

ÌBÉÈRÈ: Máńgòrò ńlá tí ó wà lẹ́yìn ilé mi ní Ṣàgámù ti kún fún àfòmọ́. Àwọn ẹ̀ka tí àfòmọ́ wà lórí wọn ń kú láti ìparí wá. Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ já àfòmọ́ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún máa ń hù. Ṣé kí n gé igi náà ni?

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ má gé e. Ẹyẹ ni ó ń gbin àfòmọ́: ó jẹ èso rẹ̀, kóró tí ó ń fà bí àtè sì lẹ̀ mọ́ èèpo ẹ̀ka, ó hù níbẹ̀, ó sì ti gbòǹgbò bọ inú igi lọ láti máa fa omi tí ó yẹ kí ó lọ sí iwájú ẹ̀ka. Nítorí náà ni iwájú ẹ̀ka ṣe ń kú tí àfòmọ́ sì ń tutù. Ohun tí àwọn ọmọ ń já kò ju ewé rẹ̀ lọ, ìdí rẹ̀ ṣì wà nínú igi. Ẹ̀ka náà ni kí a gé, kì í sì í ṣe ní ibi tí àfòmọ́ hù sí, bí kò ṣe ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sẹ́yìn rẹ̀, sí ọ̀nà ara igi, ní ibi tí ẹ̀ka mìíràn ti yà. Bí ó bá jẹ́ pé ara ìyá igi gan-an ni ó hù sí, ẹ kò lè gé ìyẹn. Ẹ máa já a ní gbogbo ìgbà tí ó bá hù, kí ó má baà so èso.

Nítorí pé ẹ̀ka tútù wà nínú èyí tí ẹ fẹ́ gé, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ lọ́dún kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ká èso tán, kí ẹ mú àwọn tí ó le jù kúrò, kí ẹ sì fi ìyókù di ọdún tí ń bọ̀. Kí ẹni tí yóò gé e wọ aṣọ alápá gígùn, nítorí pé oje máńgòrò a máa bó ènìyàn lára. Àwọn eléwé ọmọ lè bá yín ra àfòmọ́ tí ẹ bá gé.

ÌBÉÈRÈ: Igi fúrúùtù kan wà ní ọgbà wa ní Sùúrùlérè, ẹ̀ka gbígbẹ rẹ̀ ti na sórí ọ̀nà. Onílé fẹ́ gé gbogbo igi náà. Ṣé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni?

ÌDÁHÙN: Ní ìpínlẹ̀ Èkó, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àjọ LASPARK ni ìjọba fi ìtọ́jú igi sí lọ́wọ́, a sì gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ wọn kí a tó gé igi lulẹ̀. Kí onílé yín lọ bá wọn, kí ó sì sọ pé ẹ̀ka gbígbẹ ni ó ń dẹ́rù ba àwọn tí ń kọjá. Bóyá ẹ̀ka yẹn nìkan ni wọn yóò ní kí a mú kúrò. Ẹ kíyè sí i pé fúrúùtù a máa pọ́n ewé, a sì máa wọ́ ọ tán pátápátá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Igi tí ó wà ní ìhòòhò nígbà náà lè máà kú rárá.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ni mí ní Ẹdẹ. Odán ilé ẹ̀kọ́ wa ti di ihò láti ìdí dé àárín, olú ti hù yí i ká, wọ́n sì ti sọ fún wa pé kò sí àtúnṣe. Apá kan rẹ̀ ṣì ní ewé. Ṣé a lè rí ohun kan mú lára rẹ̀ kí a tó gé e?

ÌDÁHÙN: Ẹ lè rí i, ó sì dùn mọ́ mi pé ẹ béèrè kí wọ́n tó gé e. Odán kì í ṣòro gbìn láti ara ẹ̀ka. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ẹ mú ẹ̀ka tútù tí ó nípọn tó ọrùn ọwọ́, tí kò ní àrùn tàbí ihò, kí gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Ẹ gé mẹ́rin tàbí márùn-ún, nítorí pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni yóò yè. Ẹ já ewé rẹ̀ dànù, kí ẹ sì gbé e síbi tí òòrùn kò sí fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí oje ojú rẹ̀ lè gbẹ. Ẹ gbẹ́ ihò tí ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀, ẹ ki ìdí rẹ̀ sí i, kí ẹ má sì yí i lórí kodò. Ẹ tẹ ilẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa.

Kí ibi tí ẹ óò gbìn ín sí jìnnà sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àti kànga tó ogójì ẹsẹ̀ bàtà, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ewúrẹ́ fẹ́ràn ewé odán púpọ̀, nítorí náà kí àwọn ọmọ fi ẹ̀gún sọgbà yí i ká lọ́jọ́ tí ẹ bá gbìn ín gan-an, kí wọ́n sì máa bomi rin ín ní ọyẹ́ àkọ́kọ́. Bí ó bá rú ewé ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ má tíì fà á wò bóyá ó ti ta gbòǹgbò. Ẹ fi í sílẹ̀ di òjò ọdún kejì.